Ọ̀dà Lábẹ́ Nọ́ọ̀tì

Ẹ má wàásù ìdáríjì fún mi. Mo mọ Bíbélì. Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi sì ti ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní Emùré láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé-ìwé. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ní kí ènìyàn yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbá ìyá mi létí lójú gbogbo ìjọ láìgbé ọwọ́ sókè, orúkọ mi ló sì fi gbá a. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni kí n wá yí? Ọkùnrin náà ti kú báyìí, mi ò lọ síbi òkú rẹ̀, inú sì ń bí mi títí di òwúrọ̀ òní.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì ló ń kó ẹrù kúrò ní Àkúrẹ́ bọ̀ ní Adó, èmi náà kó àpótí irinṣẹ́ mi kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Àkúrẹ́, mo gba àgọ́ páànù kan ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀. Ẹ̀rọ ata, ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ìlagi, kò sí èyí tí mi ò ń tún ṣe. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń fi ohùn Emùré mi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wá, torí ohun tí mo bá dì, dídì ló máa ń wà.

Àsìkò náà dára fún ẹni tó bá mọṣẹ́. Kò sí ìlú tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló kẹ́yìn nínú ìpínlẹ̀ tuntun. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga, wọn á ránṣẹ́ pe aláṣẹ kan láti Adó pé kó wá gé rìbọ́ọ̀nù. Mo rí ilé ìgbẹ́ ilé-ìwé kan tí wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù fún, tí bàbá aláṣẹ tó ṣí i sì rẹ́rìn-ín tí kò mọ ibi tí yóò fojú sí. Ọ̀dà ni a fi ń gba àlejò nígbà náà. Ohunkóhun tí kò bá lè sá, a ó kùn ún.

Ẹgbẹ́ ìyá mi dá owó jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tó ń lo dísù. Kí ó tó di ìgbà náà, orí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí ìjọ, kò sì sí obìnrin kan nínú wọn tí orí ìka rẹ̀ kò ní àpá. Nígbà tí wọ́n jókòó láti mọ ẹni tí yóò to ẹ̀rọ náà, ìyá mi dìde. Ó ní, "Ọmọ mi ni yóò tò ó. Bí ó bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ bi." Gbólóhùn yìí kan náà ni wọ́n padà fi mú un.

Ẹni tó mú un ni Alága. Òun ló ń ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé àti ohun ìní ìjọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìdajì ìlú ló sì ti jẹ ẹgba rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá kí i tí gbólóhùn rẹ wọ́, yóò tún un ṣe fún ọ kó tó dáhùn. Kí n má parọ́, kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àṣìṣe nìkan ni kò lè gbà pé òun ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe to ẹ̀rọ náà, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ló rò pé nọ́ọ̀tì ló ń di irin mú. Irọ́ ni. Bóòtì ni. Bí o bá fún nọ́ọ̀tì dáadáa, bóòtì yóò nà díẹ̀, kékeré tí ojú kò lè rí, bíi rọ́bà tí wọ́n fi so ẹnu ọ̀rá. Ó ń wá ọ̀nà àtipadà sí bó ṣe wà, wíwá tó ń wá ọ̀nà yẹn ló ń fún irin méjì pọ̀ tí wọn kò fi ní yẹ̀ lára wọn. Torí náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi gbá mi lórí, torí pé mo fi páálí sáàárín irin méjì ni. Ó ní, "Irin sí irin! Ohunkóhun tó bá rọ̀ láàárín wọn, yóò fẹ̀ lọ, bóòtì yóò sì dẹ̀ láìjẹ́ pé nọ́ọ̀tì yí rárá." Bí bóòtì bá sì ti dẹ̀, tí ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, nọ́ọ̀tì á sì máa tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jábọ́.

Nítorí gbígbọ̀n yìí la ṣe ń fi lọ́ọ̀kì nọ́ọ̀tì sí i. Nọ́ọ̀tì méjì ni mo fi sórí bóòtì kọ̀ọ̀kan: tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀, èyí tó sanra lókè rẹ̀. Èmi á fi sípánà kan di tẹ́ẹ́rẹ́ mú kó má yí, èmi á fi sípánà kejì fún èyí tó sanra lé e lórí, àwọn méjèèjì á máa ti ara wọn, wọn ò ní ráyè tú. Bóòtì mẹ́rin ló di ẹ́ńjìnì mọ́ irin tó jókòó lé, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Mo fi àkísà tí mo rì bọ pẹtiróòlù nu ojú irin títí tó fi ń dán. Mo fún un. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní odindi ọjọ́ kan, mo padà wá, mo tún un fún. Lẹ́yìn náà mo fi ṣísẹ̀lì sà á lórí, ìlà kan ṣoṣo tó gba orí bóòtì kọjá sórí nọ́ọ̀tì títí dé ara irin, kó fi jẹ́ pé bí nọ́ọ̀tì bá yí bí ọkà bàbà lásán, ìlà náà yóò yapa. Mo kọ gbogbo ohun tí mo lò sínú ìwé fún Alága: bóòtì mẹ́rin, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ, wáṣà mẹ́jọ, ìyẹn òrùka irin pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Mo padà sí Ìkẹ́rẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni ìṣíde. Nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ mi ti di ewéko. Láti òkè délẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń dán, bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa ọmọ tuntun. N kò rí ìlà mi mọ́. Mo bi Alága pé, "Sà, ta ló kùn ún?" Ó wo mí láti orí fìlà rẹ̀ wá, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé irin dúdú ni kí aláṣẹ láti Adó wá bá?" Mo rò pé orí irin nìkan ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbà, n kò sì ka nọ́ọ̀tì. Ọ̀dà orí kò ní nǹkan án fi bóòtì ṣe. Mo panu mọ́, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyá mi.

Kò pé oṣù kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù keje, àwọn obìnrin ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì fò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ ní ìhà kan, ó dagun, bẹ́líìtì já, ó sì na ọ̀rẹ́ ìyá mi kan lápá. Egungun dá. Ìyá mi ló gbé e lọ sí ọsibítù, òun ló sùn tì í. Nígbà tó máa fi padà dé, Alága ti ṣa ohun tó já bọ́ nílẹ̀, ó ti ka èyí tó kù lára ẹ̀rọ, ó sì ti mú ìwé mi jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí ìjọ jókòó. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn tó lé ní ogún ló ti sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yàtọ̀. Ó ka ìwé mi sókè bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ó ní, "Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló kọ. Mẹ́rin la rí. Mẹ́rin yòókù dà?" Ìyá mi ní, "Ọmọ mi kì í jalè." Alága ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé bí ó bá bàjẹ́, kí a bi yín. A ń bi yín." Kí wọ́n tó túká, wọ́n ti gba ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀ lórí àga iwájú tó ti ń jókòó láti ọdún pípẹ́. Ó mú ìwé orin rẹ̀, ó mú báàgì, ó jáde. Wọ́n ní kò sunkún. Wọ́n ní ó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan tó bọ́ sábẹ́ àga, ó sì rìn délé bẹ́ẹ̀.

Èmi olè! Èmi tí mo ń dá píìnì tó ṣẹ́ kù padà fún oníbàárà!

Ní ọjọ́ Ajé, mo gun ọ̀kadà láti Ìkẹ́rẹ́, mi ò dúró ní Ìsẹ̀, mi ò dúró níbì kankan àfi inú ọgbà ìjọ. Wọn kò tíì ti ilé ẹ̀rọ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnì. Bóòtì méjì ti já bọ́, méjì ṣì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí wọn. Mo ha ọ̀dà kúrò lórí àwọn méjì tó kù: ìlà ṣísẹ̀lì mi wà níbẹ̀, ti orí nọ́ọ̀tì kọjú sápá kan, ti ara irin kọjú sápá kejì. Mo wá wo abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì níbi tó ti gbé sókè, ibi tí irin ti ń jókòó lé irin, ibi tí mo fi pẹtiróòlù nù. Ọ̀dà. Aláwọ̀ ewé, tó nípọn, tó ti fẹ̀ jáde létí bí bọ́tà tí wọ́n tẹ̀ láàárín búrẹ́dì. Abẹ́ wáṣà, ọ̀dà. Ẹnikẹ́ni kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀ àyàfi tó bá tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo sùn sí. Ẹ̀rín yẹn kò dára, mo gbọ́ ọ fúnra mi.

Mo béèrè títí mo fi rí akunlé tó kun ẹ̀rọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ni, ó ń kun fèrèsé ilé kan lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. N kò tilẹ̀ ní láti dẹ́rù bà á. Ńṣe ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo tú u sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe àbọ̀. Àwọn akunlé yòókù á kun ibi tí ojú rí, èmi, ènìyàn méjì bá mi gbé ẹ́ńjìnì kúrò, mo kun abẹ́, mo kun ibi tí irin ti ń kan irin, kí ìpẹtà má baà rọ́nà wọlé. Alága ló ní kí n má fi ibì kankan sílẹ̀."

"Nígbà tí o tò ó padà ńkọ́?"

"Mo fi ọwọ́ ara mi dì í, ó le! Nọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Mo rò pé ẹ fi wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n má baà sọnù ni. Mo wé wọn sínú bébà, mo fún Bàbá Alága."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní ìjọ lánàá, òun lọ bá Alága pé bóyá ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì yẹn ni, Alága sì ní ọ̀rọ̀ ti dọ́wọ́ àwọn àgbà, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ọkùnrin yìí ti gba nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó ti gbé wọn sílé, lẹ́yìn náà ló dìde lójú ìjọ tó bi ìyá mi pé mẹ́rin yòókù dà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, wọ́n ní. Mo ní rárá o, èyí kò ní rù ú délé lásán, ọjà ni yóò rù ú gbà kọjá.

Mo lè fa akunlé lọ́wọ́ lọ bá àlùfáà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo rò ó, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí yóò ṣe lọ. Àlùfáà á pe Alága sí yàrá, wọn á gbàdúrà, wọn á ní kí gbogbo wa gbà fún Ọlọ́run, wọn á sì kéde rẹ̀ ní gbólóhùn kan lẹ́yìn ìsìn, lẹ́yìn ìkéde ìdánrawò akọrin. Gbogbo ìjọ ló fi ojú rí ẹ̀tẹ́ ìyá mi, inú yàrá ni ti Alága yóò ti tán? Ó yẹ kí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìkórè ni mo mú lọ́kàn, oṣù kọkànlá, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ á ti Adó, Ìbàdàn àti Èkó dé, tí àlejò á kún ọgbà. Mo sọ fún akunlé pé, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá di ọjọ́ ìkórè, èmi ni n ó pè ọ́ dìde." Ó ní ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alága fi àgádágodo ti ilé ẹ̀rọ.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró, ìdúró náà sì dùn. Tí mo bá ń fún bóòtì ní Ìkẹ́rẹ́, mo máa ń ro bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sórí bí àdúrà. Mo yọ ìwọ̀sí kúrò nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi dì í mú sọ pé mo ṣàfojúdi sí àgbà. Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ fi pa á.

Ìyá mi ní tirẹ̀ wà nílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò wẹ̀, yóò wọṣọ, yóò wé gèlè, yóò jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ilé wa kò jìnnà sí ìjọ, a máa ń gbọ́ agogo. Bí agogo kejì bá lù, yóò tú gèlè. Àwọn obìnrin ti padà sí orí páànù, ọ̀dọ̀ ẹni tó gba ipò rẹ̀ ni wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ báyìí, ìyá mi nìkan ló ń rin tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fara pa kò wá wò ó, apá ti jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Mo máa ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ní ọjọ́ kan tí mo ń bá a gbé omi, ó dúró, kò wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, o ò mú nọ́ọ̀tì ọ̀hún, àbí?"

Ó dùn mí dé egungun. Ìyá tó bí mi! Mo ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ kí ìkórè dé."

Ó ní, "Kí ni ìkórè fẹ́ ṣe sí i?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa wò." Mo gbé omi wọlé.

Ìkórè dé. Mo bẹ ìyá mi kó bá mi lọ, ó kọ̀, ó ní òun ò ní jókòó sẹ́yìn níbi tí òun ti ń jókòó síwájú. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́, epo, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú ọgbà. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbàǹjo. Mo ti gbọ́ pé ẹ̀rọ náà wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ tà, Alága ti ní pàǹtí irin ni. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ tí wọ́n wọ́ ọ jáde, mo nawọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ obìnrin kan tó sọ pé, "Olè padà wá gbé ìyókù." Kò sí ẹni tó bá mi dù ú. Wọ́n ní tèmi ni.

Mo yọ sípánà jáde láti àpò. Mo lọ síwájú Alága, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, nínú aṣọ funfun mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ka nọ́ọ̀tì kí n tó gbé e lọ." Kí ni ó fẹ́ sọ? Àlejò kún. Ó bọ́ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín ọ̀gá ilé-ìwé.

Mo gbé sípánà lé e lọ́wọ́, mo ní kó tú nọ́ọ̀tì tó kù. Ó fi sípánà kàn án, nọ́ọ̀tì yí bí ìdérí ìgò. Mo ní, "Ẹ gbé sípánà sílẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ yín tó o." Ó fi ìka méjì tú u. Ó tú ìkejì. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin bá mi yí ẹ́ńjìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì pe gbogbo ènìyàn kí wọ́n sún mọ́ ọn. Mo fi ìka ha ọ̀dà náà. Mo ní, "Irin yìí ni wọ́n fi bóòtì dè mọ́ èyí. Ta ló lè fi búrọ́ọ̀ṣì dé àárín wọn?" Ọmọdé kan ló dáhùn pé, "Kò sí." Mo ṣàlàyé bí ọ̀dà ṣe ń fẹ̀ lọ tí bóòtì á fi dẹ̀, mo fi ìlà ṣísẹ̀lì mi hàn wọ́n. Mo wá ní kí akunlé dìde.

Ó dìde, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Nígbà tó dé ibi nọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tó wé sínú bébà, mo yíjú sí Alága. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Bàbá, mẹ́rin yòókù dà?"

Ẹ ò rí i! Ọ̀rẹ́ ìyá mi tí apá rẹ̀ wọ́ ló kọ́kọ́ pòṣé. Alága gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Mo gbàgbé wọn ni níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rántí, mo ti sọ̀rọ̀." Orí rẹ̀ pá, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àlejò ń wò ó. Àwọn tó ti nà rí ń wò ó. Ọkàn mi balẹ̀ bí ti ẹni tó jẹun yó. Mi ò káàánú rẹ̀ nígbà náà, mi ò káàánú rẹ̀ báyìí.

Wọn kò jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Àlùfáà, Alága, akunlé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́, wọ́n tò lọ sí ilé wa. Èmi ni mo ṣáájú, mo ń rìn bí ọkọ ìyàwó. Ìyá mi wà lórí àga ẹnu ọ̀nà, ó ti tú gèlè. Alága dúró níwájú rẹ̀ láìdé fìlà, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ní, "Ó ti tán, Bàbá. Ẹ jókòó." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi apá tó wọ́ yẹn dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, gbogbo wọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń gbádùn ara mi.

Akunlé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Yèyé, ẹ foríjì mí. Ká ní tèmi ni, ǹ bá ti wá láti oṣù keje. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ yín gan-an ni Ẹ̀gbọ́n yìí wá bá mi tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Àwọn ni wọ́n ní kí n dákẹ́ dọjọ́ ìkórè."

Ìyá mi kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún àlejò, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó gbà fún wọn pé òun á wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó sìn wọ́n dé ìta. Nígbà tó padà wọlé, ó dúró ní àárín ilé.

"Oṣù keje?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ léèrè lẹ́yìnkùlé ńkọ́? O ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀. Mo fẹ́ kí ojú ti Alága gan-an ni, Yèyé. Nítorí yín ni."

Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan lórí ìka rẹ̀ tó lápá, ètè rẹ̀ ń mì, ó ka ọwọ́ kan tán, ó ka ìkejì tán, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì jáwọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Alága gba ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo gba ìyókù."

Ó dìde, ó gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ tó ti bó láàárọ̀, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé lọ rin ín.